“Ọjọ́ orí ẹ kéré jù”: bí àbúrò mi ṣe dórí iṣẹ́ abẹ ìsanra

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe é. Ó yẹ kí ẹ ti mọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, oṣù kẹwàá ọdún 2023, nínú kíṣìn mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mò ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ dirun: “Àǹtí mi, mo fẹ́ lọ bá GP, kí wọ́n bá mi forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù.” (GP ni dókítà àdúgbò níbí.) Mi ò tiẹ̀ gbé omorogùn sílẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ọmọ ọdún 24? Ọjọ́ orí ẹ kéré jù.”

Gbólóhùn yẹn la fi jà fún ọdún kan ó lé. Màámi sọ ọ́ láti Ìbàdàn, àǹtí wa tó wà ní Manchester sọ ọ́, pásítọ̀ sọ ọ́, dókítà kan náà sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ bí gbólóhùn náà ṣe yí padà mọ́ mi lọ́wọ́, títí ó fi di pé òun náà ni Àbúrò fi dá mi lóhùn.

Ó gbà kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má dárúkọ ọsibítù, kí n má sì bu iyọ̀ sí i. Àbúrò ni mo máa pè é. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, gbogbo nǹkan ni mo máa ń kọ sínú ìwé, ẹ má bínú bí nọ́ńbà bá pọ̀.

Àbúrò ò di òrobó ní ìlú òyìnbó o. Àwọn kan máa ń rò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní burger ló fà á. Láti kékeré ló ti tóbi, ara ìyá bàbá wa ló bá wá. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àlejò tó bá wọlé á fà á lẹ́rẹ̀kẹ́, á ní, “Ọmọ yìí ń jẹun, Màámi, ẹ kú ìtọ́jú,” inú Màámi á sì dùn, torí ọmọ tó sanra ni ẹ̀rí pé ilé tòrò. Nígbà tó fi máa pé ọdún 13, ẹnu kan náà ti ń ní, “Ṣé o ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ ni?” Kò sẹ́ni tó pè é jókòó kó sọ ọjọ́ tí ìyìn náà di èébú fún un.

Ní ọdún 2022, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi ń ṣègbéyàwó, a ń fi fóònù bá télọ̀ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ẹbí. A ti ṣí ohùn sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Télọ̀ ní, “Ẹ fi yáàdì méjì kún un o, ti òrobó yẹn ò ní tó.” Àbúrò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè rẹ́rìn-ín ṣáájú àwọn yòókù.

Ohun tó ti gbìyànjú pọ̀. Ó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 pẹ̀lú ìjọ, kílò mẹ́fà lọ, kílò méje padà wá. Ó ti fi gàrí sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ó ti mu tíì kan tí ẹnì kan gbé wá láti Èkó, tó jẹ́ pé ilé ìgbẹ́ nìkan ni tíì náà mọ̀. Jíìmù, ó sanwó ẹ̀ ju bó ṣe lọ, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá tí mò ń wí, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.65, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 103. Wọ́n á fi mítà yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á wá fi èsì rẹ̀ pín kílò, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní BMI. Tirẹ̀ jẹ́ 37.8. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HbA1c, tó máa ń sọ bí ṣúgà ṣe ṣe nínú ara láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, gbé 45 jáde. Láti 48 ni wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Láti 42 sí 47, ẹnu ọ̀nà lèèyàn dúró sí. Bàbá wa kú ní ẹni ọdún 53. Rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló jọ gbé e dé ibẹ̀.

GP tó kọ́kọ́ rí kò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ó ní BMI 40 ni wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ abẹ, àfi tó bá ti ní àìsàn kan tó lágbára lára, pé ọmọdé ni, kó lọ máa rìn. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó kì í rí nọ́ńbà kó má wá ibi tó ti jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo lọ ka ìlànà NICE fúnra mi, àjọ tó ń sọ fún NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, irú ìtọ́jú tó yẹ kí wọ́n fún irú ẹni báyìí. Lóòótọ́, 40 wà níbẹ̀. Láti 35 náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní àìsàn tí ìwọ̀n dídínkù lè tún ṣe. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo wá rí i: wọ́n ti tún ìlànà náà ṣe ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn fún àwọn tí ìdílé wọn ti Áfíríkà tàbí Kàríbíánì wá, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àti fún àwọn ará Éṣíà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Ìdí ni pé ṣúgà àti àìsàn ọkàn máa ń tètè ká irú wa mọ́ ní ìwọ̀n tí kò tíì ṣe òyìnbó ní nǹkan kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé iná mànàmáná. 40 yọ 2.5, 37.5. Àbúrò, 37.8.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi sọ fún un.

Mi ò ní ṣàwíjàre nípa ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Mò ń sọ fún ara mi pé mò ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá nígbà tó sùn sílé mi, tí mo jí láàárín òru tí mo gbọ́ tó ń hanrun ní pálọ̀. Ó ń hanrun lọ, ó sì dákẹ́. Mo ń retí èémí tó kàn. Kò dé. Mo ti fẹ́sẹ̀ kan sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó fa èémí náà bí ẹni tó yọrí jáde nínú omi kànga. Nígbà tó di àárọ̀ mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé mo ti rí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí mi.” Kò sọ nǹkan míì. Ì bá ti sàn kó bú mi.

GP kejì, nínú ọ́fíìsì kan náà, kò bá a jiyàn. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù, ó sì ní kí wọ́n yẹ oorun rẹ̀ wò. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò oorun fi máa dé, ó jẹ́ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun léraléra. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, tó gbọ́dọ̀ máa dè mọ́jú lálaalẹ́. Ọmọ ọdún 24, ẹ̀rọ lójú. Ó máa ń gbé e pamọ́ sínú báàgì àtíkè tí àlejò bá wá.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kò gùn. Kí wọ́n tó pè é, ó fi owó ara rẹ̀ ra Wegovy, abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù, fún oṣù márùn-ún, ó ń ná an ní ohun tó lé ní 200 pọ́n-ùn lóṣù. Kílò mẹ́sàn-án lọ. Owó tán, ó dáwọ́ dúró, kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2024 kílò méje ti padà. Kì í ṣe òun nìkan: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí oògùn yẹn gan-an, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn èèyàn dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù ti padà sára wọn. NHS náà lè fún un, àmọ́ ọdún méjì ni NICE fi gbèǹdéke sí i. Àbúrò ní, “Tí mo bá máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan tó máa parí nígbà tí mo bá pé 27, lẹ́yìn náà ńkọ́?”

Àǹtí Manchester, òun náà tó ti ní ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù, ló wá ní kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Turkey. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp: Istanbul, òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, owó tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n máa gbà ní ọsibítù aládàáni níbí, níbi tó ti tó nǹkan bí 10,000 pọ́n-ùn. Mo bi í pé ọjọ́ orí tó kéré jù ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ó ti tó ní Istanbul ni? Ó ní èmi náà ni alárìíwísí. Mi ò sọ pé dókítà wọn ò dáa. Ẹni tó máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún kan, ni mi ò rí nínú àwòrán náà. Níbí, ó kéré tán ọdún méjì ni àwọn tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ fi máa wò ó.

Oṣù mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìsanra náà kó tó rí oníṣẹ́ abẹ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún. Onímọ̀ oúnjẹ tó ń rí, obìnrin kan tó lójú àánú, fi àwòrán àwo oúnjẹ hàn án: ìdajì ẹ̀fọ́, ìdámẹ́rin ẹran, ìdámẹ́rin pasta. Àbúrò ní, “Ẹ̀bà ńkọ́?” Obìnrin náà ò mọ ẹ̀bà. Bá a ṣe délé, a gbé òṣùwọ̀n kíṣìn sórí tábìlì, a wọn ohun tó máa ń jẹ lálẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́: gàrí gbígbẹ, giramu 190. Giramu 100 gàrí ní nǹkan bíi kálórì 350. Ìyẹn ni pé ẹ̀bà nìkan, láìtíì da ọbẹ̀ sí i, ti lé ní 650. A jọ wo òṣùwọ̀n náà. Èmi ni mo máa ń bu gàrí yẹn fún un.

Nǹkan tó wá mú un lẹ́mìí jù kì í ṣe kálórì. Wọ́n ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, gbogbo ohun tó bá kan ẹnu ló gbọ́dọ̀ rún bí ìgbà 20, kó di ògì lẹ́nu kó tó gbé e mì, kò sì gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ: ó di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ta ló ń rún òkèlè? Láti ọmọdé ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí òkèlè dán, kó yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kí ife omi sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ra aago kékeré kan tó ń ka ìṣẹ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní rírún oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rún iyán, ó dà bíi pé òun ń ṣe ohun tí kò dáa ní gbangba.

Wọ́n fún un ní ẹnì kan tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì bi í. Ohun kan tó sọ fún mi ni pé obìnrin náà bi òun ìgbà tí òun máa ń jẹun láìfẹ́ jẹ, òun sì dáhùn pé alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá kú ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Kò mọ̀ pé òun mọ̀ títí tó fi jáde lẹ́nu rẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ rí wa ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bá wa lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó dákẹ́ bí ògiri. Oníṣẹ́ abẹ náà ya àwòrán sórí bébà. Ọ̀nà kan ni sleeve: wọ́n á gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò pátápátá, èyí tó kù á wá rí tín-ínrín bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá tí wọ́n gé yẹn ni púpọ̀ nínú họ́mọ̀nù tó ń pe ebi ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ebi fi máa ń rọlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni bypass: wọ́n á ya orí àpòlúkù sọ́tọ̀, kó kéré bí ẹyin adìyẹ, nǹkan bíi mílílítà 30, wọ́n á gé ìfun, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á so ó mọ́ àpò kékeré náà, kí oúnjẹ lè fo àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Sleeve máa ń mú bí ìdá 25 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, bypass bí ìdá 30.

Omi kíkan máa ń padà wá sí ọ̀fun Àbúrò lálẹ́, ó sì ti pẹ́. Sleeve lè mú ìyẹn burú sí i. Bypass máa ń dín in kù. Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú máa ń run ún gan-an tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní ibuprofen nìkan ló sì ń gbọ́. Lẹ́yìn bypass, ibuprofen di èèwọ̀, torí ó lè dá ọgbẹ́ sí ibi tí wọ́n ti so ìfun. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá èèwọ̀ yẹn ní ìgbà tó máa parí. Kò ní.

Èyí tó kù, oníṣẹ́ abẹ náà kà á bí ẹni ń ka owó: ojú rírán lè jò, ẹ̀jẹ̀ lè dà, ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ kó gun ẹ̀dọ̀fóró, òkúta lè ta nínú àpò òróòro, irun máa ń re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, awọ lè rọ̀ tí kò ní padà. Oyún, kó dúró fún oṣù 12 sí 18, kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbé mì. Ikú, kì í wọ́pọ̀, ó súnmọ́ ẹnì kan nínú 1,000. Ó wá ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọmọ Ìjẹ̀bú yìí, tí kò tíì lanu láti àárọ̀, ní, “Ṣé ó ṣì máa lè jẹ ìkọ́kọrẹ́?”

Ó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ká tó ṣàlàyé ìkọ́kọrẹ́. Dókítà ní ó dùn mọ́ òun, ó rọ̀, ó lẹ́ja, kó máa rọra jẹ ẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo fọwọ́ sí ọmọkùnrin yẹn.

Ní oṣù kejìlá, mo gbé ìjà tèmi tó gbẹ̀yìn dé. Mo ti ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá ṣe bypass á máa lo fítámì àti èròjà ara títí ayé, títí kan iron, calcium àti fítámì B12, a sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Mo ní ká tiẹ̀ fi sí hóró méjì péré lójúmọ́, láti ọdún 25 dé 80: hóró 40,150. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo fa igi sábẹ́ rẹ̀. Mo fi kún un pé ìwádìí tó gùn jù lọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1987, àwọn ẹni ọdún 37 sí 60 ni wọ́n mú, kì í ṣe ọmọ ọdún 25. Mo ní, “Ta ló ti fi ara báyìí gbé fún ọdún 55 kó wá ròyìn?”

Ó jẹ́ kí n parí. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú ni ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 260 tí wọ́n ṣe é fún nígbà tí wọn ò tíì kọjá 19. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, BMI wọn ṣì fi bí ìdá 20 nínú 100 kéré sí ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó sì ti ní àtọ̀gbẹ, ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tí kò ní i mọ́. “Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe 55, mo mọ̀,” ó ní. “Àmọ́ dókítà sọ fún mi pé àtọ̀gbẹ tó bá mú ọmọdé máa ń le ju èyí tó mú àgbà lọ. Bàbá ń lo oògùn mélòó lójúmọ́?”

Márùn-ún ni. Èmi ni mo máa ń bá a tò ó.

“Ẹ̀yin ń ka ọdún tí mo máa fi gbé oògùn mì. Èmi ń ka ọdún tí mo máa fi gbé ara yìí. Ọdún kan náà la jọ ń kà, Àǹtí mi.”

Mi ò ní èsì. Mo ṣì ní iyèméjì tèmi nípa ọdún 55 yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n mo mú bébà náà kúrò nílẹ̀.

Màámi ló kù. A pè é lórí fídíò, mo ti kó gbogbo ìwádìí jọ, mo ń sọ ìdá 30, mo ń sọ àtọ̀gbẹ, mo ń sọ Bàbá. Kò gbọ́ ọ̀kan. Ó ní Ọlọ́run kò dá ọmọ òun ní àdáṣẹ́kù, ẹnikẹ́ni kò ní gé nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ó ní tó bá rù, wọ́n á ní àìsàn tí wọn ò lè dárúkọ ló ń ṣe é. Ni Àbúrò bá gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Màámi, èyí tí mo fẹ́ ṣe, wọn ò ní yọ nǹkan kan kúrò. Gbogbo ẹ̀ máa wà nínú mi. Wọ́n kàn máa yí ọ̀nà oúnjẹ padà ni.” Màámi dákẹ́. Ó ní, “Wọn ò ní yọ ọ́?” Ó ní, “Wọn ò ní yọ ọ́, Màámi.” Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi tó Ọlọ́run létí. Ní ọjọ́ kẹta ó pè, ó ní kó lọ ṣe é, kó má sọ fún àwọn ará ilé bàbá wa.

Oníṣẹ́ abẹ kankan kò ní sọ fún yín pé ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn mú bypass. Ìdí tó mú Màámi gbà nìyẹn ṣá.

Oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n fi í sórí oúnjẹ tí kò ní gàrí, ìrẹsì, búrẹ́dì tàbí iṣu, kí ẹ̀dọ̀, tó bo àpòlúkù mọ́lẹ̀, lè súnkì, kó jẹ́ kí wọ́n lè ríran débẹ̀. Ojú ihò kékeré ni wọ́n gbà, wọn ò ṣí inú sílẹ̀. Ó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ife oògùn ike ló fi ń mu omi ẹran, ó ń kà á. Ní oṣù kẹrin irun rẹ̀ ń re. Ó sunkún lórí ìyẹn ju bó ṣe sunkún lórí ohun gbogbo lọ. Ó jẹ àkàrà òyìnbó kan níbi ọjọ́ìbí, láàárín ogún ìṣẹ́jú òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ balùwẹ̀ àwọn èèyàn. Ṣúgà tó já wọnú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò jẹ ẹ́ mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, kílò 76 ló wà, HbA1c rẹ̀ jẹ́ 36, wọ́n ti gba ẹ̀rọ oorun padà. A lọ síbi ìkómọ kan ní Peckham. Àǹtí kan tí kò rí i láti ọdún méjì sẹ́yìn fà á sí ẹ̀gbẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ṣé o ń lo oògùn ẹ?” Àbúrò ní, “Mò ń lò ó, Mà.” Kò ṣàlàyé.

A padà sílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ro àmàlà. Ó bu tirẹ̀, kò ju ẹyin lọ, ó da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, ó gbé fóònù tí Màámi wà lórí rẹ̀ ti ife. Ó gé òkèlè bí ẹ̀pà, ó fi sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ó ń rún un, ojú rẹ̀ wà lókè àjà. Màámi sún mọ́ fóònù títí a fi ń rí iwájú orí rẹ̀ nìkan.

“Ẹ gbà mí o,” ó ní. “Ẹ wo ẹni tó ń rún àmàlà bí ẹni ń rún obì.”